Obì Àbàtà fún Wáìnì Òyìnbó

Agége, lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn Hausa olóbì,
10 Oṣù Kìn-ín-ní, 1955.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, mo ní ẹ kú ọyẹ́ o. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti lọlẹ̀? Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Ràbíátù àti àwọn ọmọ rẹ̀. Tísà Olúṣínà tí ẹ ń bá wa ka lẹ́tà, ẹ kú làálàá, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ara tèmi le, àfi yàrá tí àwa ọkùnrin mẹ́rin jọ ń sùn yìí ló ti sú mi.

Ìyá, ìròyìn wà. Kúùkù àgbà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, nílé òyìnbó wa ní Ìkẹjà GRA, ti di ẹrù rẹ̀, ó ti lọ. Nǹkan mímu pupa kan ló lé e lọ. Ẹ̀gbọ́n Mísítà Bárítìn, òyìnbó mi, ló fi odindi àpótí rẹ̀ kan ránṣẹ́ láti ìlú wọn. Omi èso àjàrà ni, ó pupa bí osùn. Àwọn òyìnbó kì í kàn mu ún lásán, wọ́n ní oúnjẹ tó bá a mu gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀, bí oúnjẹ bá ṣì í, méjèèjì á jọ bàjẹ́ lẹ́nu ni. Kúùkù àgbà gbé ẹja aláta síwájú àlejò, àlejò mu nǹkan pupa yẹn lé e, ojú rẹ̀ le koko, ó sì ti abọ́ sẹ́yìn. Bí iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ṣe parí nìyẹn.

Èmi ni wọ́n wá fi sípò rẹ̀. Ọ̀gá àgbà òyìnbó mi ń bọ̀ wá jẹun lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta, wọ́n ní ó mọ nǹkan pupa yẹn bí àgbẹ̀ ṣe mọ ilẹ̀ oko rẹ̀. Òyìnbó mi ní kí n wá oúnjẹ tó bá a mu. Bí mo bá rí i ṣe, yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé di tèmi. Yàrá méjì, Ìyá! Ẹ mọ ohun tí Alfa Dàwódù, bàbá Mùínàt, sọ, pé òun kò ní fa ọmọ òun lé ẹni tí òun àti ọkùnrin mẹ́ta jọ ń gbé yàrá kan lọ́wọ́. Ó ti di ọdún méjì tí mo ti ń dúró de ọmọ yìí. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, òun náà bọ́ nìyẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí rán Làsísì awakọ̀ sí mi: obì àbàtà ogójì, kó jẹ́ olójú mẹ́rin tó gbó dáadáa, orógbó ogójì, ataare mẹ́wàá, àti oyin ìgò kan. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ o, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tíì tó sọ síta. Ẹ sì bá mi ronú: ẹni tó bá jẹ obì tán, kí ni ó lè jẹ lé e tí yóò dùn, kí sì ni kò yẹ kó jẹ?

Ọmọ yín,
Shuaib Àkànní.


Ògbómọ̀ṣọ́,
24 Oṣù Kìn-ín-ní, 1955.

Àkànní ọmọ mi,

A kò ṣàìsàn, a dúpẹ́. Orúnkún ń ṣe bó ṣe ń ṣe.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tísà ka lẹ́tà rẹ fún mi. Nígbà àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà kejì, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà kẹta, mo ní kó fo gbogbo ọ̀rọ̀ òyìnbó, kó ka ibi tí o ti ka ẹrù yẹn nìkan. Obì ogójì. Orógbó ogójì. Ataare. Oyin. Àkànní, ọmọ ta ni?

Má dọ́gbọ́n sí mi. Mo ti ń ta obì kí n tó bí ọ. Ẹni tó fẹ́ jẹ obì, mẹ́ta ni yóò rà, bó bá jẹ́ ọ̀kánjúwà, márùn-ún. Ẹni tó bá ka ogójì obì mọ́ ogójì orógbó, tó ní kó jẹ́ olójú mẹ́rin, tó wá fi oyin lé e, ẹrù ìdána ló ń dì. Iyọ̀ nìkan ló kù. Bóyá iyọ̀ wà nílé àna rẹ tuntun. O tún ní kí gbogbo ilé má gbọ́! Kí ni ọmọkùnrin ń ṣe tí ilé kò gbọdọ̀ gbọ́, bí kì í bá ṣe pé ó ti rí arẹwà kan ní Èkó?

Mùínàt wá síbí lánàá. Ó gbálẹ̀ fún mi, ó pọn omi, ó béèrè bóyá o wà dáadáa. Mo ní o wà. N kò lè wo ojú rẹ̀. Kí n tó mọ̀, Ràbíátù tó jókòó tì wá nígbà tí Tísà ń kàwé ti lọ sọ ọ́ nílé kejì, o sì mọ̀ pé ilé kejì ni ẹ̀gbọ́n Alfa Dàwódù ń gbé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, Àkànní. Bí o bá ti fẹ́ ẹlòmíràn, sọ ọ́, kí n mọ bí n ó ṣe rìn níwájú àwọn èèyàn.

Obì náà wà nínú apẹ̀rẹ̀ mi. Mo ti ṣà á, ogójì pé, mo fi ewé tútù bò ó. N kò ní fi ránṣẹ́ títí o fi máa dárúkọ ọmọ náà àti ilé wọn.

Ìyá rẹ,
Sùlíyá.

Èmi Olúṣínà tí mo bá wọn kọ ọ́ ní: ìyá sunkún díẹ̀. Tètè fèsì.


Agége,
31 Oṣù Kìn-ín-ní, 1955.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, àfi bí mo ṣe dé ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ Mùínàt, ẹ̀rín ọ̀hún kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, kò sí ọmọ kankan. Bí mo ṣe ń ronú ohun tí mo kọ, mo gbá ara mi lórí. Òótọ́ ni, ẹrù ìdána pọ́nńbélé ni mo kà sílẹ̀ láìmọ̀! Iṣẹ́ ilé ìdáná òyìnbó ló gbà mí lọ́kàn, mo gbàgbé pé olóbì ni ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. N kò lè fi nǹkan mímu yẹn sẹ́nu. Moses, ẹnìkejì mi tó máa ń gbé oúnjẹ lọ sórí tábìlì, ọmọ ìjọ Aládúrà ni, òun náà kò lè fi sẹ́nu. Àwa méjèèjì kàn ń gbóòórùn èdídí ìgò bí ajá ọdẹ ni. Báwo ni a ó ṣe mọ oúnjẹ tó bá a mu?

Mo wá bi òyìnbó mi pé, “Ọ̀gá, kí ló máa ń ṣe lẹ́nu?” Ó ronú títí. Ó ní yóò kọ́kọ́ ha ahọ́n, ahọ́n á gbẹ, lẹ́yìn náà yóò kún ẹnu, yóò dúró síbẹ̀, kì í sáré kọjá bí omi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni obì. Mo ra gbànja lọ́wọ́ àwọn Hausa wa, mo ní kó rún un. Ó rún un, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó ní, “Bó ṣe ń ha ahọ́n gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí fúyẹ́, kò kún ẹnu.” Gbànja ló pọ̀ ní Agége, òun ni rélùwéè ń kó lọ sókè Ọya. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àbàtà ló máa ń ki lẹ́nu, tí omi rẹ̀ máa ń fà. Ìdí tí mo fi béèrè rẹ̀ nìyẹn. N ó rún obì, n ó fi oúnjẹ lé e, ahọ́n mi á sọ èyí tó bá a mu. Orógbó, nítorí kíkorò rẹ̀ ni. Oyin, kí n mọ̀ bóyá ohun dídùn bá a lọ. Ataare, kí n mọ ìwọ̀n ata. Mo pè é ní ogójì nítorí oúnjẹ tí n ó dánwò pọ̀, n kò sì fẹ́ yọ yín lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún Mùínàt. Ẹ sọ fún Ràbíátù náà kó lọ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nílé kejì.

Ọmọ yín tí kò ní ìyàwó kankan,
Shuaib.


Ògbómọ̀ṣọ́,
9 Oṣù Kejì, 1955.

Àkànní,

Lẹ́tà rẹ dé, ọ̀rọ̀ sì túbọ̀ dojú rú.

O ní omi èso ni. Bó bá jẹ́ omi èso, kí ló dé tí o kò lè fi sẹ́nu? Ta ló ń rún obì kó tó mọ adùn ọsàn? Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bí ọbẹ̀ ṣe rí, ṣe ni mò ń tọ́ ọ wò, n kì í lọ lá ọbẹ̀ ilé ẹlòmíràn.

Mo bi Tísà. Tísà ní omi èso àjàrà pupa, wáìnì lorúkọ rẹ̀, pé òun ni àwọn ń mu ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tàwọn nígbà oúnjẹ Olúwa, kì í pa èèyàn. Ó tún ní ẹni tí wọn kò bá tíì rì bọmi kì í mu ún. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ yé mi: o kò lè fi sẹ́nu nítorí pé wọn kò tíì rì ọ́ bọmi. Moses ń kọ́? Kí ni o ń ṣe lọ́dọ̀ Moses? Ṣé àbúrò rẹ̀ ni ọmọ náà? Àkànní, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni o fẹ́ wọ̀ kí wọ́n tó fi ọmọ wọn fún ọ? Bàbá rẹ tó kú, orí ẹní ìkírun ló kú sí.

Tísà ní kí n má bínú, pé ṣọ́ọ̀ṣì kò burú. Mo ní n kò bá ọ jà, Tísà, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tó jẹ́ ọkùnrin ni mo bí.

Alfa Dàwódù kọjá níwájú ìsọ̀ mi lánàá, kò yà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta obì, kò kọjá rí kó má yà mú ẹyọ kan.

Nítorí pé ìyá ni mí, n ó dá ọ lóhùn ohun tí o béèrè. Ẹran ọlọ́ràá ni. Ṣé o rántí bàbá rẹ lọ́jọ́ Iléyá? Bí ó bá ti rún obì tán, ìhà àgbò tí ọ̀rá wà lára rẹ̀ ni yóò nawọ́ sí, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Ọ̀rá ni ń pa híha obì. Wàrà díndín náà dára. Ṣùgbọ́n ẹja, má dán an wò. Obì àti ẹja ò ṣọ̀rẹ́, ṣe ni ẹnu á máa rùn bí ẹni lá ọ̀bẹ. Ohun dídùn, obì á túbọ̀ korò sí i ni. Ata, ẹnu á gbóná lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ó ti yé ọ.

Obì ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀. Mo ń pààrọ̀ ewé rẹ̀. Kò lọ síbì kankan.

Ìyá rẹ,
Sùlíyá.


Agége,
16 Oṣù Kejì, 1955.

Ìyá mi,

Mo bẹ̀ yín, kí ẹni tí yóò ka èyí kọ́kọ́ tilẹ̀kùn.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé oṣù kan ààbọ̀. N kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì. N kò mọ àbúrò Moses, bóyá ó ní àbúrò gan-an n kò mọ̀. Wáìnì tí wọ́n ń mu ní ṣọ́ọ̀ṣì Tísà lè má pa èèyàn, èyí tó wà nílé òyìnbó mi ń pa á. Ọtí ni. Omi èso tí wọ́n ti sé mọ́nú ìgò fún ọdún púpọ̀ títí ó fi di ọtí líle ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fi orúkọ èso bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ojú ń tì mí.

Ìdí tí n kò fi lè fi sẹ́nu nìyẹn. N kò tọ́ ọ wò rí. Bó bá ta sí mi lọ́wọ́, mo máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Àpótí náà wà lọ́wọ́ mi, kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a tọ́jú rẹ̀ sí wà lọ́wọ́ mi, òyìnbó mi tilẹ̀ ní kí n mu díẹ̀ kí n lè mọ iṣẹ́ mi. Obì ni mo ń rún. Ẹnu mi ti bó nítorí obì. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí Alfa Dàwódù kọ́ wa nílé kéú, pé ẹni tó ń bu ọtí fúnni àti ẹni tó ń mu ún, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ pín. Kúùkù àgbà ló máa ń bu ún tẹ́lẹ̀. Èmi ni wọ́n máa retí báyìí.

Ẹ wo bó ṣe rí, Ìyá. Bí Alfa bá gbọ́ pé ọtí ni, Mùínàt ti lọ nìyẹn. Bí kò bá gbọ́, yóò máa rò pé obìnrin mìíràn ni, Mùínàt ti lọ náà nìyẹn. Bí mo bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí yàrá, Mùínàt ti lọ nìyẹn. N kò mọ èyí tí mo lè ṣe. Ẹ gbà mí.

Ohun tí ẹ sọ nípa ẹran ọlọ́ràá, mo fi gbànja àti orógbó tí Moses bá mi wá dán an wò. Òótọ́ yín ni! Ẹja dà bí irin lẹ́nu mi gan-an. Ìhà àgbò ló mú kí obì náà rọ̀ lẹ́nu mi wọ̀ọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, mo rántí bàbá mi.

Ọmọ yín,
Shuaib.


Agége,
7 Oṣù Kẹta, 1955.

Ìyá mi,

Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta o. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo kọ̀wé, n kò rí èsì. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, nítorí náà mo tún kọ ọ́.

Làsísì dé lánàá. Kò mú obì wá, kò mú lẹ́tà wá. Ó ní òun rí Alfa Dàwódù pẹ̀lú láwàní lórí tó ń wọ ilé wa, pé lọ́jọ́ mìíràn òun tún rí i. Mo ní, “Ṣé ó ń bínú?” Ó ní ojú ọ̀nà ni awakọ̀ ń wò, kì í wo ojú alfa. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò rí nǹkan mìíràn sọ.

Kí ni Alfa ń wá nílé wa? Ṣé ó wá dá ohun tí mo fún Mùínàt padà ni? Ṣé Tísà ló sọ fún un? Tísà, bí ẹ bá ń ka èyí, kí ni mo fi ṣe yín? Ṣé ara ìyá mi le? Iyọ̀ ni mo fi sínú tíì òyìnbó láàárọ̀ yìí. Ó mu ún, ó wò mí, ó gbé ife sílẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjìlá. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi.

Shuaib.


Ìkẹjà,
20 Oṣù Kẹta, 1955.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ wo orí lẹ́tà yìí, Ìkẹjà ni mo kọ, kì í ṣe Agége.

Àná ni. Láti àárọ̀ ni mo ti gbé ìhà àgbò ka orí iná igi, jẹ́jẹ́, kí ọ̀rá rẹ̀ má jó. Iyọ̀, àlùbọ́sà, ata tín-ín-rín. Mo rin ọ̀nà Abúlé Ẹ̀gbá lọ ra wàrà lọ́wọ́ Fúlàní kan, mo dín in fún ìgbẹ̀yìn, níbi tí àwọn kúùkù mìíràn ti máa ń gbé nǹkan dídùn kalẹ̀.

Kí àlejò tó dé, òyìnbó mi na irin ìṣígò sí mi. Mo ní, “Ọ̀gá, oúnjẹ ni iṣẹ́ mi. Èyí, n kò lè fi ọwọ́ mi bu ún fún ẹnikẹ́ni.” Ó yíjú sí Moses. Moses ti kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, “Ṣọ́ọ̀ṣì mi kò gbà á, sà.” Etí òyìnbó pọ́n. Ó ní ṣé nínú ilé òun ni kò ti sí ẹni tó lè ṣí ìgò fún òun. Mo ti ń rí ẹrù kúùkù àgbà lójú mi, bó ṣe gbé e lérí lọ́jọ́ tó lọ. Ìgbà tó yá, ó mí kanlẹ̀, ó gba irin náà, ó ṣí i fúnra rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì bu ún fún ọ̀gá rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ náà.

Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀gá àgbà yẹn jẹ ẹran díẹ̀, ó mu díẹ̀, ó dúró. Ó tún jẹ, ó tún mu. Ó fi abọ́ ránṣẹ́ padà fún òmíràn. Nígbà tí wàrà dé, ó ní kí wọ́n pe kúùkù. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi, nítorí òun ti jẹun nílé òyìnbó púpọ̀ nílẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan tó yẹ ọtí yìí. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní ṣé ìyá mi máa ń mu wáìnì ni? Mo ní ó tì o, obì ló ń tà. Kò yé e, èmi náà kò sì lè ṣàlàyé tán. Ṣùgbọ́n ó ní kí n kí yín.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Yàrá méjì, wọ́n fi ẹfun kùn ún, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò. Mo jókòó sílẹ̀ nínú èyí tó tóbi, kò dùn mọ́ mi. Inú mi bàjẹ́, Ìyá. Kí ni èmi nìkan fẹ́ fi yàrá méjì ṣe? Moses bá mi jó, mo kàn ń wò ó.

Ẹ kọ̀wé sí mi, kódà bó bá jẹ́ èébú.

Ọmọ yín,
Shuaib.


Ògbómọ̀ṣọ́,
21 Oṣù Kẹta, 1955.

Àkànní ọmọ mi, ọmọ Làmídì,

Má bínú pé mo dákẹ́. Wọ́n ní kí n dákẹ́ ni.

Tísà kò sí nílé. Wọ́n pè é lọ fún ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ láti ìparí oṣù tó kọjá. Bí lẹ́tà rẹ ti oṣù Kejì ṣe dé, ọjọ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ ẹní mi, kò sí ẹni tó lè kà á fún mi, ọkàn mi sì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ńlá wà nínú rẹ̀. Èmi kò mọ̀wé, Ràbíátù kò mọ̀wé, bó bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣé Ràbíátù ni n ó fún? Ẹni kan ṣoṣo tó kù ládùúgbò tí mo lè gbé e fún, ó ń lọ síbi ẹ̀kọ́ àwọn àgbà nírọ̀lẹ́ láti ọdún tó kọjá. Mo gbé e lọ fún Mùínàt.

Ibi tó kọ́kọ́ ti kà pé kí a tilẹ̀kùn, a tilẹ̀kùn. Kò tíì dé ìdajì nígbà tí Alfa ṣílẹ̀kùn, ó ti mọ́sálásí dé. Ó jókòó. Ó ní kí ó máa kà á lọ. Mo ṣẹ́jú sí ọmọ yìí, mo ń fún un ní àmì pé kó fo ibi tó bá burú. Àkànní, kò fo nǹkan kan! “Ọtí ni.” Ohùn tó fi ka ìkíni náà ló fi kà á. Ó kù díẹ̀ kí n na ọwọ́ gbá a lẹ́nu.

Alfa gbọ́ ọ tán. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ohunkóhun sí ọ títí òun yóò fi mọ ohun tí òun máa ṣe. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá sílé wa, ó ní kí n mú lẹ́tà wá, Mùínàt sì tẹ̀ lé e, ó ní kó tún ka ibi obì. Nígbà kejì, ó dá nìkan wá, ó ní, “Ìyá Shuaib, ta ló ń ṣọ́ ọ níbẹ̀?” Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni, òyìnbó gan-an ní kó mu. Ó lọ.

Àná ló wá lẹ́ẹ̀kẹta, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn àgbà méjì láti mọ́sálásí, pẹ̀lú láwàní. Mo rò pé wọ́n wá já àdéhùn náà ni. Ó ní, “Ọmọ tí kọ́kọ́rọ́ ọtí wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, tó wá ń rún obì títí ẹnu rẹ̀ fi bó kó má bàa tọ́ ọ wò, tó sì tún kọ ẹ̀bi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ kò bọ́ sílẹ̀. Àmọ́ kó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ún fún ẹnikẹ́ni.” Mo ní n ó sọ fún ọ. Ó ní, “Obì tó ní kí ẹ fi ránṣẹ́ ńkọ́?” Mo ní ó wà nínú apẹ̀rẹ̀, ogójì, mo ń pààrọ̀ ewé rẹ̀. Ó ní, “Kí ni ẹ wá ń pa á mọ́ dè?”

Nítorí náà, má retí obì mọ́. A ti pa á. Àwọn àgbà ti jẹ nínú rẹ̀, a ti pín orógbó, oyin wà nílé Alfa, wọ́n sì ti fi ataare ṣàdúà fún ìwọ àti ìyàwó rẹ. Iyọ̀ tí o gbàgbé, mo rà á kún un. Kí o wá mú ìyàwó rẹ kí oṣù ààwẹ̀ tó lé. Ọ̀rọ̀ yàrá, Alfa kò tún dá a sọ, ṣùgbọ́n bí o bá rí i gbà, yóò dùn mọ́ wa.

Ohun kan ṣì wà tí kò yé mi o. Kí ni òyìnbó ń wá nínú ohun tó ń ha ahọ́n, tí wọ́n á tún wá máa wá ẹran kiri tí yóò pa híha rẹ̀? Kí ló dé tí wọn kò kúkú mu omi? Nígbà tí o bá dé, wàá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Tísà kò tíì dé láti Ọ̀yọ́. Wo ọwọ́ tó kọ lẹ́tà yìí dáadáa.

Ìyá rẹ,
Sùlíyá.

Èmi ni mo kọ ọ́. Ìyá rò pé ohun tí wọ́n sọ nìkan ni mò ń kọ. Wọ́n fún mi ní obì kan níbi ìdána, mo jẹ ìdajì, ìdajì tó kù wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Ẹ má fi tọ́ nǹkan kan wò. Ẹ jẹ ẹ́.
Mùínàt.